Ken tàbí James: ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù?

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá, àríyànjiyàn lórí Jeopardy!, eré ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kì í tán. Ken Jennings borí nígbà 74 lọ́dún 2004, ó kó dọ́là 2,520,700. James Holzhauer, atatẹ́tẹ́ ará Las Vegas, borí nígbà 32 péré lọ́dún 2019, ó kó 2,462,216. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀!

Ken máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ látòkè pátákó ìbéèrè, níbi tówó ti kéré. Ìsàlẹ̀ pátákó, níbi tówó wà, ni James ń kọjú sí. Tó bá já lu Daily Double, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n fi pamọ́ tí èèyàn ti lè fi owó tó ti kó jọ ta tẹ́tẹ́, á nawọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni ń ti òkìtì owó sórí tábìlì tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó gbé 131,127 lọ sílé.

Bàbá onígbàjámọ̀ ní Ken lòun mọ̀, pé ẹni tó pẹ́ lórí àga ló jọba. James lèmi ń bá lọ ní tèmi, àmọ́ abẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi, n ò lè jiyàn púpọ̀.