Ohun Tí Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Rà fún Wa Lọ́wọ́ Sam Burgess ní Warrington

Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Warrington Wolves ń sanwó fún ohun méjì. Ó ń sanwó fún ibi tí yóò jókòó tàbí tí yóò dúró sí ní pápá Halliwell Jones, ó sì ń sanwó fún ọgbọ́n ẹni tó ń darí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí pápá náà. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lórí èkínní. Èkejì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2024 ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Sam Burgess, ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì líìgì tó lókìkí jù lọ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ní ìran yìí, ẹni tí kò tíì ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹgbẹ́ ńlá kankan rí kó tó débẹ̀. Sáà 2024 àti 2025 ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n.

Fún àwọn tí kò mọ eré náà, agbábọ́ọ̀lù 13 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Bí àwọn alátakò bá ti dá ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀mẹ́fà, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì nìyẹn. Gbígbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò, tí wọ́n ń pè ní tráì, jẹ́ àmì 4; bí wọ́n bá sì ta á gba àárín òpó kọjá lẹ́yìn náà, àmì 2 ni. Kì í ṣe rọ́gbì yúníọ̀n, irú èyí tí Maro Itoje ń gbá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń sọ. Méjèèjì ti yà kúrò lára ara wọn láti 1895, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ara wọn jáde nítorí pé wọ́n fẹ́ máa sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pa iṣẹ́ oòjọ́ wọn tì kí wọ́n tó lè wá gbá bọ́ọ̀lù. Kò sì jẹ́ àjèjì pátápátá sí wa, nítorí pé ní 2019 ẹgbẹ́ Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà àti Ìlà Oòrùn Àárín nínú rọ́gbì líìgì yìí ní ìlú Èkó.

Ní ti pápá, wọ́n ṣí i ní 2004 lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà kúrò ní Wilderspool, ibùdó wọn àtijọ́, ó sì ń gba ènìyàn tó lé ní 15,000. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Manchester tàbí Liverpool, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Warrington Central, lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣì fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ dúró wòran, tí ènìyàn fi ń sún mọ́ eré débi pé yóò máa gbọ́ ìró èjìká tó ń kọlu èjìká. Páì gbígbóná àti tíì ni oúnjẹ ibẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata, kí ó jẹun kó tó kúrò nílé. Ó tán lórí ìyẹn.

Kí a tó ṣe ìdájọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, ó yẹ kí a mọ irú agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́. Ìlú Dewsbury ní Yorkshire ni wọ́n ti bí i ní 1988. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Bradford Bulls, ó sì kọjá sí South Sydney Rabbitohs ní Ọsirélíà ní 2010, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Luke àti àwọn àbúrò wọn méjì tó jẹ́ ìbejì, George àti Tom, ti jọ wọ pápá fún ẹgbẹ́ kan náà ní 2013. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ayé eré náà kò gbàgbé. Nínú àṣekágbá líìgì Ọsirélíà ní 2014 tí South Sydney bá Canterbury gbá, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Burgess ṣẹ́ ní ìkọlù àkọ́kọ́ gan-an, nígbà tí òun àti James Graham fi orí gbára. Kò kúrò lórí pápá. Ó gbá eré náà parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí pẹ̀lú àmì 30 sí 6, wọ́n gba ife tí wọn kò gbà láti 1971, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ Clive Churchill gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ta yọ jù lọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ó gbìyànjú rọ́gbì yúníọ̀n ní Bath, ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ife Àgbáyé 2015 níbi tí wọn kò ti jáde kúrò ní ìpele ìsọ̀rí, ó sì padà sí South Sydney. Àìsàn èjìká ló fi tipátipá dá a dúró ní 2019, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 31.

Mo tẹnu mọ́ ọjọ́ àṣekágbá yẹn nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro iṣẹ́ tuntun rẹ̀ wà. Ohun tó mú Burgess tóbi gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ni ara tó lágbára àti ọkàn tí kò mọ ẹ̀rù, ẹnikẹ́ni kò sì lè bu èyí fún ẹlòmíràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń jókòó sókè, ó ń wo eré láti inú yàrá tó ní gíláàsì, bí ìṣẹ́jú bá sì ku méjì, kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti fi èjìká tirẹ̀ dí ojú ihò. Ìmọ̀ tí a lè ṣàlàyé, tí a lè pín fún ọ̀dọ́mọkùnrin 20 tàbí 30 tí agbára wọn kò dọ́gba, ni a ń san owó fún nísinsìnyí.

Mo yìn ín fún ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn ní South Sydney. Ní 2022 ó gba iṣẹ́ ní Orara Valley Axemen, ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìgbèríko lẹ́bàá Coffs Harbour ní Ọsirélíà, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń jáde láti ibi iṣẹ́ wọn wá sí ìdánrawò ní ìrọ̀lẹ́. Mo ka ìgbésẹ̀ yìí sí pàtàkì ju gbogbo àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran, tó wá lọ ń kọ́ káfíńtà àti àgbẹ̀ bí wọn yóò ṣe tò sórí ìlà, ti gbà nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ mìíràn ni èyí, tí òun ní láti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sí South Sydney ní 2023 gẹ́gẹ́ bí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí Warrington tó pè é.

Ipò tó bá ẹgbẹ́ náà kò dára. Wọ́n ti borí nínú ìdíje mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú sáà 2023 láìfìdí rẹmi, lẹ́yìn èyí gbogbo rẹ̀ dà rú, wọ́n lé Daryl Powell, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù keje, wọ́n sì parí ní ipò kẹfà. Àwọn alátìlẹ́yìn Warrington kò sì ní sùúrù púpọ̀ mọ́. Ọdún 1955 ni wọ́n gba líìgì kẹ́yìn, wọ́n sì ti pàdánù nínú àṣekágbá Super League, líìgì tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2012, 2013, 2016 àti 2018. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gba iṣẹ́ yìí wúwo.

Ní sáà 2024, a rí iye owó wa gbà, mo sì sọ èyí láìṣe àbòsí. Ìdènà ni ó kọ́kọ́ tún ṣe. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fà sẹ́yìn ní ọdún tó ṣáájú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ ń dìde, ó ń sáré padà wá tò sí àyè rẹ̀, ó sì hàn gbangba pé ẹnì kan ti jókòó tì wọ́n kọ́ wọn. Wọ́n lọ nà St Helens ní ilé wọn pẹ̀lú àmì 31 sí 8 nínú Challenge Cup, ìdíje ife tó yàtọ̀ sí líìgì, wọ́n nà Huddersfield 46 sí 10 nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n sì dé Wembley, níbi tí wọ́n ti ń gbá àṣekágbá ife náà, nínú ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìpò kẹta ni wọ́n gbà nínú líìgì. Alẹ́ tí wọ́n bá St Helens gbá nínú ìdíje ìyọkúrò, tí eré di ọ̀mì 22 sí 22, tí George Williams, balógun ẹgbẹ́, sì ta bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo gba àárín òpó nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ àmì 1, nínú àfikún àkókò láti sọ ọ́ di 23, tó owó tíkẹ́ẹ̀tì sáà lọ́tọ̀. Hull KR dá wọn padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àmì 10 sí 8.

Ṣùgbọ́n Wembley ti fi ibi tí iṣẹ́ kù sí hàn. Wigan borí wọn níbẹ̀ pẹ̀lú àmì 18 sí 8. Matt Peet ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Wigan, ẹni tí kò gbá rọ́gbì líìgì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rí, tó sì kó gbogbo ife tó wà nílẹ̀ ní ọdún náà. Ọdún púpọ̀ ni Peet ti fi ń kọ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó gbé olórí iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ kíkọ́ni, Burgess ni ọmọdé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló tàn jù. Nígbà tí ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Warrington fẹ́ fi kọlu Wigan dí, n kò rí ọ̀nà kejì.

Àìní ọ̀nà kejì yìí ló ba sáà 2025 jẹ́. Wọ́n lọ sí Las Vegas ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, Wigan sì nà wọ́n 48 sí 24 lójú gbogbo ayé. Ìpalára mú àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù, èyí tí kò ṣeé dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún, àmọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń ti pèsè ẹni tí yóò gba ipò sílẹ̀. Nígbà tí Williams kò sí, ìkọlù wọn di ohun kan ṣoṣo: ẹni tó tóbi gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín, ẹlòmíràn tún gbé e wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ta á jìnnà. Bí Burgess fúnra rẹ̀ ṣe máa ń gbá nìyẹn, ó sì ń yọrí sí rere fún un nítorí pé òun ni Burgess. Àwọn tó ń kọ́ kò ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ìpò kẹjọ ni wọ́n parí sí nínú ẹgbẹ́ 12.

Síbẹ̀, nínú sáà tó bàjẹ́ tó báyìí, ó tún mú wọn dé Wembley. Ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 2025, láìsí Williams, wọ́n fi ìdènà nìkan mú Hull KR dúró, wọ́n sì ń borí pẹ̀lú àmì 6 sí 2 títí ó fi ku bí ìṣẹ́jú méjì. Tom Davies ti Hull KR wá gba tráì, Mikey Lewis, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ta bọ́ọ̀lù gba àárín òpó láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó di 8 sí 6. Marc Sneyd ti Warrington ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Lance Todd, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù lọ́jọ́ náà, ó sì gbà á pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó pàdánù. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìdènà tí mo rí lọ́jọ́ náà jẹ́ ẹ̀rí pé Burgess mọ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dájú. Ohun tó kù ni kí ó kọ́ wọn ní ohun tí kò tíì mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kí ó sì fún un láyè.

Kì í ṣe pé agbábọ́ọ̀lù ńlá kò lè di akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá. Ellery Hanley, ọmọ Leeds tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti St Kitts, ẹni tí wọ́n fún ní Man of Steel, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ lọ́dún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, darí Great Britain ní 1994 tí wọ́n fi nà Ọsirélíà 8 sí 4 ní Wembley pẹ̀lú ènìyàn 12 lẹ́yìn tí rẹfirí lé Shaun Edwards jáde, ó sì gba Super League pẹ̀lú St Helens ní 1999. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ orúkọ ọkùnrin yìí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, èmi yóò fún sáà àkọ́kọ́ ní 8 nínú 10, èkejì 5. Ẹni tó fẹ́ràn ìdènà, tó fẹ́ rí àwọn ọkùnrin tó ń dìde lẹ́yìn tí wọ́n ti dá wọn mọ́lẹ̀, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà ní apá tí wọ́n ti ń dúró, kí ó sì mú ọmọ rẹ̀ dání. Ẹni tó jẹ́ pé tráì lọ́tùn-ún lósì ló ń wá, kí ó máa ra ti ìdíje kọ̀ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀ ná, kí ó wo orúkọ àwọn tó máa wọ pápá kó tó sanwó, bí Williams bá sì wà nínú wọn, kí ó má ṣe jókòó sílé.