Johnny Cash ní Folsom: àwo 1968 àbí sídìí 1999?

Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1968 ni Johnny Cash, olórin kọ́ńtírì ará Amẹ́ríkà, kọrin fáwọn ẹlẹ́wọ̀n Folsom ní California. Orin 16 ló wà lórí àwo tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde nígbà náà. Sídìí 1999 fi mẹ́ta kún un, ó sì dá àwọn ọ̀rọ̀ àlùfààṣá tí wọ́n ti fi ohùn bò padà.

Lórí sídìí, gìtá Luther Perkins, onígìtá Cash, ń dún ketekete. Àwo ní tirẹ̀ máa ń ta pàràpàrà bí epo gbígbóná tí omi kán sí, pàápàá bí abẹ́rẹ́ bá ti gbó. Síbẹ̀, ohùn Cash wúwo níbẹ̀, àfi bíi pé ó jókòó ní pálọ̀ ẹni. Àwo ni mo fẹ́ràn jù.

Ariwo ayọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó tẹ̀lé ìlà tó ti ní òun yìnbọn pa ọkùnrin kan nínú orin àkọ́kọ́ ńkọ́? Wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà ni!