Oṣù mẹ́ta wa lórí ìlà SRv6, láti Ìdúmọ̀tà dé Yábàá

Èmi ni wọ́n ń pè ní Bùọ̀dá Network ní ilé ìtajà oògùn wa ní Ìdúmọ̀tà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn la gba ìlà dátà tuntun lọ́wọ́ àwọn kan (mi ò ní dárúkọ wọn, a ṣì jọ ń ṣòwò) tó so ṣọ́ọ̀bù mọ́ ilé ìkẹ́rùsí wa ní Yábàá. Fáyàwọ́ọ̀lù (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ dátà tó ń wọlé tó ń jáde) àti ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ tiwọn. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni fáyàwọ́ọ̀lù ń gbé, ooru àti jẹnẹrétọ̀ sì fojú ẹ̀ rí màbo.

Bí SRv6 (ọgbọ́n kíkọ ipa ọ̀nà sára dátà lórí IPv6, ètò àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Rúútà (ẹ̀rọ tó ń darí dátà) tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń kọ gbogbo ibi tí pákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kékeré) gbọ́dọ̀ yà sí lé e lórí kó tó gbéra: fáyàwọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ fáírọ́ọ̀sì, kó tó wá kọrí sí Yábàá. Bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ níṣẹ́ ni, tí ẹ kọ ọ́ sí bébà fún un pé kó gba Òjúẹlẹ́gbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tó yá kọ́ nìyẹn. Àwọn rúútà àárín ò mọ ohun tó ń jẹ́ fáyàwọ́ọ̀lù. Ibi tó kàn nínú bébà ni wọ́n ń wò.

Fáyàwọ́ọ̀lù wọn ti dàgbà, kò gbọ́ èdè SRv6. Wọ́n wá fi proxy, alárinà kan, síwájú ẹ̀. Ẹ ṣá mọ bí wọ́n ṣe ń ní kéèyàn ṣí fìlà kó tó wọ ààfin: proxy á bọ́ bébà yẹn kúrò, á jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì wọlé bẹ́ẹ̀, tó bá jáde, á tún dé e lórí. Ibí yìí wù mí gan-an.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀, oníbàárà kún ìta, Ìyá Rìdí tó ń gbowó figbe ta: “Bùọ̀dá, ẹ gbà mí o, rìsíìtì ò jáde!” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ n wò ó.” Mo ta ping (ìpè kékeré láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kejì wà lórí ìlà) sí Yábàá, ó ń dáhùn geere. WhatsApp ń lọ. Ṣùgbọ́n tí Ìyá Rìdí bá ṣí ojú ewé ọjà, á máa yí, á máa yí, kò ní dé.

Mo wá ń fi ìwọ̀n dán ping wò, mo sì ní kí wọ́n má gé e. Báìtì 1376 kọjá. Mo fi ẹyọ kan lé e, 1377: kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ fi 28 ti ping fúnra ẹ̀ kún 1376, ó di 1404. Kó tó pé 1500, ìwọ̀n tí pákẹ́ẹ̀tì kì í sábà kọjá, ó ku 96. Ìwọ̀n bébà yẹn gan-an ni 96: 40 fún hẹ́dà IPv6 tòde (ibi tí àdírẹ́sì wà), 8 fún ìbẹ̀rẹ̀ bébà, 16-16 fún ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pákẹ́ẹ̀tì tó kúrò nílé ní 1500 ti di 1596 lójú ọ̀nà, rúútà IPv6 kì í sì í bá ẹlẹ́rù gé ẹrù sí méjì, ńṣe ló ń dà á nù.

Mo dín ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù kù sí 1400, ọjà ń lọ, mo wá pè wọ́n. Ọmọ tó gbé fóònù ní kí n pa rúútà kí n tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ìgbà tí mo ka 96 fún ọ̀gá ẹ̀ ló tó dákẹ́. Switch (ẹ̀rọ tó ń so wáyà pọ̀) kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé sí 1500, àwọn yòókù ti wà ní 9000. Tí ẹ bá fẹ́ ra irú ìlà yìí, ẹ ta ping 1472 tí kò gbọ́dọ̀ gé kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Láti ìgbà náà, ara tù wá. Oṣù tó kọjá la ní kí kámẹ́rà Yábàá má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ fáírọ́ọ̀sì mọ́. Bébà inú rúútà ni wọ́n yí, ẹnikẹ́ni ò gun àkàbà.

Mo fún wọn ní méje nínú mẹ́wàá. Ẹ̀ka wa ní Sùúrùlérè ló jẹ́ kí n yọ mẹ́ta. Irú proxy tí wọ́n ń lò, wọ́n ti kọ bébà sílẹ̀ dè é ni: ohunkóhun tó bá gba ojú yẹn (ẹnu tí pákẹ́ẹ̀tì ń gbà jáde lára ẹ̀rọ) jáde, bébà Yábàá ló máa dé sí i lórí. Sùúrùlérè gbọ́dọ̀ ní ojú tiẹ̀ lọ́tọ̀, owó ẹ̀ náà sì yàtọ̀. Wọn ò sọ ìyẹn nígbà tí wọ́n ń polówó. Alhaji, ọ̀gá wa, ní kí n lọ ná an sí i. Ọjọ́bọ̀ la fàdéhùn sí.