"Le Porte del Dolo" ti Canaletto: ẹ wo ojú omi kí ẹ tó sanwó

Nínú àwọn àwòrán àtijọ́ tó fi ìgbé-ayé etí kánáálì hàn, èyí tí Canaletto, ayàwòrán ará Venice ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, fi bàbà tẹ̀ sórí bébà la lè fọwọ́ sọ̀yà fún jù. Dolo wà lẹ́bàá kánáálì Brenta, láàárín Venice àti Padua ní Ítálì. Ilẹ̀kùn ńláńlá ló ń sé omi níbẹ̀, kí ọkọ̀ lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ilé, ọkọ̀ àti àwọn èèyàn tó ń ṣe tiwọn létí omi ni Canaletto yà. Ó wà nínú ìdì àwòrán kan tí Canaletto fi bọlá fún Joseph Smith; àkọlé ìdì náà pe Smith ní kọ́ńsọ́ọ̀lù, ìyẹn aṣojú Bìrìtéènì ní Venice, ipò tó dé ní 1744, nítorí náà odindi ìdì náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń sọ pé irin ni wọ́n fi gbẹ́ ìlà rẹ̀ sára bàbà. Rárá o. Wọ́n fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, Canaletto fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà, áàsìdì sì jẹ bàbà níbi tí abẹ́rẹ́ gbà. Ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi ń gbọ̀n díẹ̀, bí ìlà ẹni tó ń fi gègé kọ̀wé. Kì í sábà fi ìlà dábùú ìlà. Ó ń tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, funfun bébà tó yọjú láàárín wọn ló sì di ìmọ́lẹ̀. Ẹwà iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn!

Ibẹ̀ náà ló ti ń bàjẹ́. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ léraléra ni bàbà ń jẹ, ìlà tí kò jinlẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ lọ: ti ojú ọ̀run àti ti omi. Bí omi bá ti ṣí lábulábu, tí òjìji ọkọ̀ kò hàn dáadáa mọ́, ẹ̀dà ìkẹyìn ni. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí férémù rẹ̀ dára tó.

Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 dání. Tí ẹ bá rí tóótòòtó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, fọ́tò ni wọ́n tẹ̀. Ẹ wá àmì etí bàbà tó rì sínú bébà, nǹkan bíi 30 sí 43 sẹ̀ǹtímítà. Bí wọ́n bá ti gé e kúrò, ó yẹ kí owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ẹ gbé bébà náà síwájú iná: ti ayé ìgbà yẹn máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú.

Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí inú férémù ló ń ba púpọ̀ jẹ́. Sẹ́lótéèpù á pọ́n bébà, kì í sì í ṣí mọ́. Bébà Japan tẹ́ẹ́rẹ́ àti àtè ìyẹ̀fun àlìkámà, ní etí òkè rẹ̀ nìkan, ti tó láti fi gbé e dúró.