Kíláàsì fídíò oṣù mẹ́rin tí poli kan àti ilé-iṣẹ́ fídíò jọ ń ṣe n'Ìbàdàn, ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń da ìbéèrè bò mí pé ṣé kíláàsì fídíò yìí tó owó ẹ̀, látọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò ìparí ẹ̀kọ́ sórí status, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Mo san ₦120,000, mo fi oṣù mẹ́rin lọ sí kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, mo sì ṣe é parí, torí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú fláyà. Mi ò ní dárúkọ poli náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe é, torí ojoojúmọ́ la ṣì ń pàdé n'Ìbàdàn yìí. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á ti mọ̀ wọ́n kó tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Fídíò òde ni mò ń yà, ó ti lé lọ́dún méje. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ìwúyè, kò sí èyí tí mi ò lọ. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti kó wákàtí mẹ́rin sínú fláàṣì fún ìyàwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó parí nìyẹn, wọ́n á san báláǹsì, wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Ní báyìí kò sẹ́ni tó ráyè wo wákàtí mẹ́rin mọ́. Mi ò tíì ní kó kámẹ́rà sínú báàgì tán tí ìyàwó á ti ní "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tá a máa gbé sí Instagram lálẹ́ yìí ńkọ́?" Fóònù ni mo fi ń ṣe ìyẹn fún wọn, ó sì máa ń rí jákujàku, èmi gan-an mọ̀. Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyẹn.

Bí ètò ọ̀hún ṣe rí ni pé poli ló ní kíláàsì àti láàbù kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń fúnni ní sátífíkéètì. Ilé-iṣẹ́ fídíò ló ń gbé kámẹ́rà wá, tó ń rán àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ wá kọ́ wa, tó sì yẹ kó gbà wá fún IT, ìyẹn ká lọ fọwọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tá a bá parí. Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun o. L'Ámẹ́ríkà, community college ni wọ́n ń pe irú ilé-ìwé ọlọ́dún méjì bẹ́ẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Joliet ní Illinois ti wà láti 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì máa ń bá wọn da nǹkan pọ̀. Ní 2021, Google ní gbogbo wọn lè mú ẹ̀kọ́ sátífíkéètì òun kún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ láìsanwó fún òun. Tiwa náà, ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ti wà láti 1971, SIWES, ètò tó ń rán ọmọ iléèwé lọ kọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́, tẹ̀ lé e ní 1973, òun ni gbogbo wa ń pè ní IT, tí ọmọ poli máa ń fi oṣù mẹ́rin lọ ṣe. Ìlú tá a wà yìí kan náà ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kò wá yẹ kó nira fún wa láti kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú, àbí?

Oṣù kìn-ín-ní, mi ò ní purọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n lọ gba owó mi padà. Léktọ̀ ń pe nótì, àwa ń kọ ọ́, àgbààgbà bíi tiwa. Ìtumọ̀ new media, márùn-ún, ká há wọn sórí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Gate ló jókòó tì mí, ọmọ ẹ̀ ló ní kó wá kọ́ bó ṣe máa polówó ọjà ẹ̀ lórí TikTok, ó wo nótì ẹ̀, ó wò mí, ó ní "Àbúrò, ṣé ohun tá a sanwó ẹ̀ nìyí?" Láàbù ńkọ́? Kọ̀ǹpútà 22 ló wà níbẹ̀, 9 ló ń tàn, tí iná bá sì lọ, a máa wá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀, ìgbà tá a bá fi rí i, kíláàsì ti tú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó yáa gbé láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ dání. DaVinci Resolve, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń gé fídíò, ni wọ́n fi ń kọ́ni, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ẹ̀ náà tó lò, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára ò lè gbé e, ó máa kàn dì gbagidi síbẹ̀ ni.

Oṣù kejì làwọn ará ilé-iṣẹ́ wọlé, ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́ ariwo.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá, sáùn niṣẹ́ ẹ̀, kò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Ó kó wa lọ sí Òjé lọ́jọ́ ọjà, ó ní ká lọ fọ̀rọ̀ wá ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè lẹ́nu wò, òun náà lọ jókòó sí ìsọ̀ ẹni kejì, ó ń mu omi. A fi máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ há ọrùn bùbá léèsì Màmá, a tan kámẹ́rà. Màmá sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń dá sányán mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, bí wọ́n ṣe ń ra ẹtù fún ọkọ ìyàwó láyé ọjọ́ún, àwa ń mi orí, inú wa ń dùn. Nígbà tá a padà dé kíláàsì, ẹ̀gbọ́n fà á sí sípíkà ńlá. Háà. Ṣàà, ṣàà, ṣàà, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wò wá títí, ó ní, "Léèsì lẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kì í ṣe Màmá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi, nígbà tó yá ẹ̀rín náà tán, torí mo rántí gbogbo àdúrà ìyá ìyàwó tí mo ti fi léèsì bà jẹ́ láti ọdún méje. Ó wá fi hàn wá. Wọ́n á ká pílásítà ní igun mẹ́ta kí gọ́ọ̀mù ẹ̀ wà níta, wọ́n á fi lẹ orí máìkì mọ́ inú aṣọ kí aṣọ méjì má baà máa fara ra wọn lórí ẹ̀, wọ́n á yí wáyà po lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, tí èèyàn bá fà á, ibi yíyí yẹn ló máa fà, kò ní dé orí. Kí ìgbọ́hùn (headphone) wà létí ẹnì kan ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sì gba ariwo ọjà lásán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òun la máa fi dí ibi tá a bá gé. A padà lọ bá Màmá lọ́jọ́ ọjà míì, a kúnlẹ̀, a bẹ̀ ẹ́, ó ní "Ṣé ẹ ò gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ni?"

Ẹni tó kọ́ wa ní kámẹ́rà náà gbìyànjú. Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń fa àwọn ìlà dúdú tó máa ń rìn lójú fídíò mi nínú àwọn họ́ọ̀lù tuntun yìí. Mo ti rò pé kámẹ́rà mi ló ti gbó, mo ti ń dá àjọ láti ra òmíràn. Kò ju pé iná wa ń lọ ń bọ̀ ní 50 hertz, kí èèyàn gbé shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe máa ṣí pẹ́ tó, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá, kó sì máa yà á ní 25 fireemu ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó tán. Ìyẹn nìkan ti dá owó tí mo san padà fún mi.

Iṣẹ́ tó wá kọ́ mi jù ni ti oníèlùbọ́. Kọ́sítọ́mà gidi ni, ilé-iṣẹ́ yẹn ló gba iṣẹ́ náà, wọ́n wá pín in fún ẹgbẹ́ wa pé ká ṣe ìpolówó ìṣẹ́jú kan, Yorùbá pọ́ńbélé, kí subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní kíkọ, wà nísàlẹ̀ ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tan ohùn fóònù wọn nínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà ò jókòó: a tẹ "èlùbọ́", è wà dáadáa, ù wà dáadáa, àmì tó wà lórí ọ́ tó gbẹ̀yìn fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé, fọ́ǹtì (irú lẹ́tà) kejì tá a tún gbìyànjú gbé àpótí òfìfo síbẹ̀. Àlàyé tí ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ṣe rèé: kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún è, ṣùgbọ́n ọ́ ò ní tiẹ̀, ọ ni wọ́n máa ń mú tí wọ́n á wá gbé àmì lé lórí, fọ́ǹtì tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e máa dà á nù. Noto Sans tí Google fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n, òun ni mò ń lò dòní. Ẹ̀ẹ̀kejì, a ti kó ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni TikTok máa ń kọ orúkọ oníṣẹ́ àti àlàyé sí, gbogbo ẹ̀ á bò ó, ẹ gbé e sókè.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá oníèlùbọ́ fúnra ẹ̀ ló dá a padà. Ó ní àmàlà tá a yà ti tutù. A ní "Màmá, ó gbóná o, ọwọ́ wa ló jó." Ó ní ta ló máa mọ̀, èéfín ẹ̀ dà? Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ojú ọ̀kánkán la ti tan iná sí àmàlà náà, èéfín ò sì lè hàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká gbé iná lọ sẹ́yìn abọ́, ká fi aṣọ dúdú sí ẹ̀yìn pátápátá, ká ro òmíràn. A tún un yà, èéfín ń yọ lálá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ebi ń pa òun. Ẹ ò lè rí irú èyí nínú nótì, ẹ ò sì lè rí i lórí YouTube, torí YouTube ò ní dá iṣẹ́ yín padà.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mí.

Èkíní, ìpolówó èlùbọ́ yẹn, ilé-iṣẹ́ gbé e sójú ìwé wọn, wọ́n sì gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀, kò sí owó ọkọ̀ pàápàá. A béèrè, wọ́n ní ẹ̀kọ́ la wá kọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa la sanwó ẹ̀kọ́, oníbàárà náà sanwó iṣẹ́, apá méjèèjì ni wọ́n fi ń jẹun.

Èkejì ni IT. Fláyà wọn ní "IT ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé-iṣẹ́ fídíò tó lórúkọ". Àwa 31 la parí, ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n tó sọ pé èèyàn 6 làyè wà fún. Àwa yòókù, wọ́n fọ́n wa káàkiri bí àgbàdo. Ẹ̀gbọ́n onípáàtì bá ara ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọtokọ́pì, ọjọ́ kejì ló padà sí ìsọ̀ ẹ̀ ní Gate. Èmi ní tèmi, ọ́fíìsì kan tó ń gbé ìròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mí sí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ ni mò ń lọ rà, tí mo bá dé, wọ́n á ní "Alàgbà, ẹ bá wa ra àmàlà bọ̀." Èmi, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún! Mo lọ bá kọ́dínétọ̀ ní poli, ó ní "Ilé-iṣẹ́ ló ń pín in, ẹ lọ bi wọ́n." Mo lọ bá ilé-iṣẹ́, wọ́n ní "Poli lẹ sanwó fún, sà." Bí wọ́n ṣe ń gbá mi síra wọn bíi bọ́ọ̀lù nìyẹn títí mo fi dákẹ́ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo kàn ní kí wọ́n fún mi ní fídíò tí wọ́n ti yà, mo bá wọn tún sáùn ẹ̀ ṣe, látọjọ́ náà ẹlòmíì ló ń ra àmàlà.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò lówó nínú, 3MTT, ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, wà, animation wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní gbé yín lọ sí Òjé.

Màá fún wọn ní 3 nínú 5. Tí kì í bá ṣe oṣù kìn-ín-ní àti IT, 5 ni. Fún ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, fọtógíráfà, MC, ẹni tó ń ta ọjà lórí WhatsApp, mo ní kẹ́ ẹ lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé tó ń retí pé IT ló máa dà síṣẹ́, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ibi tí wọ́n máa fi òun sí àti ẹni tó máa gba òun, kó tó san kọ́bọ̀. Ẹ tún bi wọ́n pé ta ló máa máàkì iṣẹ́ yín. Tó bá jẹ́ léktọ̀ nìkan ni, ẹ má san án. Mo gbọ́ pé sẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ máa san ₦150,000, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.

Sátífíkéètì náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n kọ orúkọ bàbá mi tì. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ₦5,000 ni àtúntẹ̀, mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ó wà nínú dúróà. Mo lọ ṣiṣẹ́ ìgbéyàwó kan ní Ring Road ní Sátidé, ìyàwó ti gbé fídíò tiẹ̀ sórí Instagram kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ohùn ìyá ẹ̀ sì já geere, léèsì ni Màmá wọ̀ o.