Àyẹ̀wò Screen Time àti Digital Wellbeing: wọ́n mọ̀ ọ́n kà, wọn ò mọ̀ ọ́n tì

Ọdún 2018 ni Apple gbé Screen Time sínú iPhone, ọdún yẹn náà ni Google gbé Digital Wellbeing sínú Android. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kéèyàn mọ iye àkókò tí fóònù ń jẹ, kó sì lè dín in kù. Àwọn tó ṣe fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ wa náà ló tún ṣe ohun tó ń bẹ̀ wá pé ká gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ìdí tí irú irinṣẹ́ yìí fi ń rí oníbàárà kò fara sin. Owó wà láwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ kan, síbẹ̀ ayọ̀ ń wọ́n wọn. Nínú World Happiness Report ti 2024, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún tó ń to àwọn orílẹ̀-èdè bí ayọ̀ wọn ṣe pọ̀ tó, Amẹ́ríkà já láti ipò 15 sí ipò 23, ìgbà àkọ́kọ́ tí kò ní sí láàárín 20 àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìròyìn náà. Àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló fà á wálẹ̀: tí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ipò 62 ni wọ́n wà, nígbà tí àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè wà ní ipò 10. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ní 2018, Japan náà yan tiẹ̀ ní 2021. Fóònù nìkan kọ́ ló fà á o. Ilé tó wọ́n, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kéèyàn sinmi, ẹbí tó fọ́n káàkiri, gbogbo wọn lọ́wọ́ sí i, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn títí di òní lórí bí ti fóònù ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Àmọ́ wákàtí ni fóònù ń jẹ, wákàtí yìí kan náà lèèyàn ì bá fi jókòó ti ẹlòmíì. Ohun tí a fi wọn irinṣẹ́ méjèèjì nìyẹn: ṣé wọ́n lè gba wákàtí náà padà?

Ti kíkà kọ́kọ́. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Screen Time, kí ẹ ṣí See All App & Website Activity. Ẹ má jẹ́ kí àròpọ̀ wákàtí tó wà lókè dẹ́rù bà yín, torí àwòrán ilẹ̀ tí ẹ fi wá ọ̀nà àti ìpè fídíò tí ẹ fi kí ìyá yín wà nínú rẹ̀. Ẹ yí i sísàlẹ̀ dé Pickups. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ iye ìgbà tí ẹ gbé fóònù lóòjọ́, lábẹ́ rẹ̀ ni First Used After Pickup wà, ìyẹn áàpù tí ọwọ́ yín kọ́kọ́ lọ bá gbàrà tí ẹ gbé e. Áàpù tó bá wà lókè níbẹ̀ lẹ ní láti bá wí, kódà bí wákàtí rẹ̀ kò bá pọ̀. Tí Share Across Devices bá wà ní títàn, Screen Time máa ń ro ti kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ti fóònù, ojú ewé tí ẹ ṣí sílẹ̀ tí ẹ kò sì wò sì lè di wákàtí gbọọrọ. Ẹ pa á tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ fẹ́ mọ̀. Dashboard ti Android náà ń ka wákàtí, iye ìgbà tí ẹ ṣí fóònù àti iye ìfitónilétí tó wọlé. Ó ṣe é gbára lé.

Ibi títì ni wàhálà wà.

Lórí iPhone, App Limits ni, lẹ́yìn náà Add Limit. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kéèyàn fọwọ́ sí gbogbo ìsọ̀rí Social lẹ́ẹ̀kan náà. WhatsApp wà nínú ìsọ̀rí yẹn. Ẹni tó bá tì í pa ti ti ọ̀nà tó fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ mọ́ ti àwọn fídíò tí kì í tán, ìdánìkanwà rẹ̀ á sì le sí i. Ẹ ṣí ìsọ̀rí náà, kí ẹ mú áàpù tí ẹ fẹ́ dín kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Next, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú, kí ẹ sì lo Customize Days tí ẹ bá fẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ yàtọ̀.

Tí àkókò bá pé, agogo oníyanrìn á yọ sójú fóònù, Ignore Limit á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ní kí ẹ mú ìṣẹ́jú kan sí i, tàbí ìṣẹ́jú 15, tàbí kí ẹ gbàgbé òfin náà di ọ̀la. Ìdí tó fi ń já gbogbo ayé kulẹ̀ nìyẹn: ìgbà tí ọwọ́ ti ń yún èèyàn jù lọ ló ń bi í bóyá ó fẹ́ dúró. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọwọ́ á ti mọ ibi tí bọ́tìnnì náà wà láìjẹ́ pé ojú wò ó.

Àtúnṣe wà. Ẹ lọ sí Lock Screen Time Settings, kí ẹ fún ẹlòmíì ní fóònù kó fi nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin sí i láìjẹ́ kí ẹ rí i. Lẹ́yìn èyí ni Block at End of Limit á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde. Ẹ tàn án. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé fóònù á tún béèrè Apple Account tí wọ́n lè fi gba nọ́ńbà náà padà bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀. Tó bá jẹ́ tiyín lẹ fi síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ tó bá wù yín. Ti ẹni tó fi nọ́ńbà sí i ni kó wà níbẹ̀.

Android kò tilẹ̀ gbìyànjú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ Settings, Digital Wellbeing & parental controls, Dashboard, kí ẹ tẹ agogo oníyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áàpù. Tí àkókò bá pé, áàpù á tì, àwòrán rẹ̀ á sì di aláwọ̀ eérú títí di agogo méjìlá òru. Nọ́ńbà àṣírí kò sí fún ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀: ẹ padà síbi kan náà, ẹ pa á rẹ́, ó tán. Áàpù tó tì náà sì tún ń ṣí ní Chrome bí ojú ewé lásán, àyàfi tí ẹ bá tẹ Chrome nínú Dashboard, kí ẹ fi àkókò sí ìkànnì náà níbẹ̀. Ohun kan ló tó yìn: Bedtime mode ń sọ fóònù di dúdú àti funfun lálẹ́, fídíò á sì ti tẹ́ lójú. Lórí iPhone, Accessibility, Display & Text Size, Color Filters lẹ ti máa rí tiẹ̀.

Ìṣẹ́jú mélòó ló dára? Ní 2018, àwọn olùwádìí ní University of Pennsylvania ní kí apá kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ 143 dín Facebook, Instagram àti Snapchat kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dín kù ju ti àwọn tí kò yí nǹkan kan padà. Kì í ṣe pé wọ́n pa á tì pátápátá. Ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ kò ní lè já wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó fi ìdajì ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bẹ̀rẹ̀, kó máa gé e díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí irinṣẹ́ méjèèjì kò dá sí ni wákàtí tó bá ṣẹ́ kù. Ní 2018 kan náà, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà san owó fún àwọn èèyàn kí wọ́n pa Facebook fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan lóòjọ́ tí wọ́n rí gbà. Wọ́n fi díẹ̀ bá ọ̀rẹ́ àti ẹbí ṣe, wọ́n sì fi díẹ̀ dá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Inú wọn dùn sí i, kò kàn pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 2023, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sọ pé gbogbo oúnjẹ ọjọ́ tó ṣáájú lòun dá jẹ, èyí sì fi ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti 2003 lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé Downtime ti iPhone, ìyẹn àkókò tí ẹ yàn tí fóònù á fi ti àwọn áàpù, wúlò ju App Limits lọ: ẹ fi í sí wákàtí oúnjẹ alẹ́, kí gbogbo ilé ṣe é pọ̀, kí ẹ fi ìpè sílẹ̀ nínú Always Allowed, ìyẹn àwọn áàpù tí kò ní tì.

Ìdájọ́ wa: kíkà, 4 nínú 5 fún méjèèjì. Títì, 3 fún iPhone tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, 1 bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Android, 2. Ẹni tó ń dá gbé tí kò rí ẹni gbé nọ́ńbà fún ló nílò rẹ̀ jù, òun náà sì ni kò rí nǹkan gidi gbà nínú rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yọ áàpù náà kúrò pátápátá, kó máa ti ojú ewé ayélujára wọlé, kó má ṣe jẹ́ kí fóònù tọ́jú páásíwọọ̀dù rẹ̀, kó sì máa jáde kúrò lórí ìkànnì náà nígbàkígbà tó bá lò ó tán.