Kíláàsì tai chi tí mò ń lọ ní Tánkè: kóòṣì mọ iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ táìlì ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ pa wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń lọ sí kíláàsì tai chi kan, eré ìdárayá àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń rọra ṣe, ní Tánkè, Ìlọrin níbí, ìgbàkigbà tí mo bá sì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ní ṣé eṣinṣin ni mò ń lé, ẹlòmíì á ní Alàájà ti fẹ́ máa ṣe fíìmù Ṣáínà, torí náà ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí kí n sinmi. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ o, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa wọn. ₦8,000 lóṣù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Tíṣà ni mí, ọdún 31 ni mo fi dúró níwájú bọ́ọ̀dù kí n tó fẹ̀yìntì, orúnkún ọ̀tún tó ń ké sì ni gírátúítì tó tètè jáde fún mi. Dókítà ní kí n wá eré ìdárayá tí ò le, ni mo bá kọ́kọ́ lọ kọ́ tai chi ní jíìmù kan (ẹ má bi mí àdúgbò) tí wọ́n ti gbé fídíò sórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wa ń wò ó ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní a ti parí fọ́ọ̀mù, ìyẹn àwọn ìṣe tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A parí kẹ̀! Ọwọ́ mi ń fò sókè sódò bíi ti lékeléke, ẹsẹ̀ mi ò mọ ibi tó wà, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin orúnkún yẹn ti wú bí ọsàn.

Ìdí nìyí tí ti Tánkè yìí fi kọ́kọ́ bí mi nínú, torí òdìkejì ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko a ò ṣe nǹkan kan ju ìrìn lọ. Ìrìn lásán! Mo wo kóòṣì, ọmọ tí mo lè bí dáadáa, mo ní, "Kóòṣì, ṣé mo sanwó kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú Alàájà, ẹ ò tíì máa rìn, ẹ kàn ń ṣubú síwájú ni, ẹsẹ̀ ló ń sáré wá gbà yín mú." Ló bá lọ sídìí kúlà, ó mú píọ̀ wọ́tà kan wá, ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n gbé gìgísẹ̀ òsì lé e, kó má bẹ́, kí n sì tún gbé ẹsẹ̀ yẹn padà sẹ́yìn láìmi.

Pàà! Omi kún gbogbo ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì mi. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Ohun tó ń sọ nìyí. Nínú tai chi, ẹsẹ̀ kan á kún, èkejì á ṣófo. Ìwúwo ara ẹ gbogbo á wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí gìgísẹ̀ iwájú á fi kanlẹ̀ jẹ́ẹ́, láìgbé nǹkan kan dání, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀ á wá tẹ́, orúnkún á wá tẹ̀, ara á máa ṣàn lọ síwájú bí ẹní ń da omi láti inú igbá kan sí òmíì, tó bá máa fi dúró bíi 70 nínú 100 ti wà níwájú, ìyókù lẹ́yìn. Tó o bá dúró lórí méjèèjì lọ́gbọọgba, o ti dè mọ́lẹ̀ nìyẹn, o ò lè lọ, o ò lè bọ̀. Wọn ò sì ní kí ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn wà lórí ìlà kan bí ẹní ń rìn lórí okùn o, àlàfo tó fẹ̀ tó èjìká gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, àìmọ èyí ló jẹ́ kí n máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní jíìmù àkọ́kọ́.

Orúnkún tó wú ńkọ́? Ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kò wò ó tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní, "Alàájà, orúnkún lẹ fi ń yí, ìbàdí ló yẹ kó yí." Orúnkún bíi ìlẹ̀kùn ni, iwájú-ẹ̀yìn ni tiẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ yíyí. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá kọjú sí ni orúnkún gbọ́dọ̀ kọjú sí, kò sì gbọ́dọ̀ ré wọn kọjá. Tó o bá fẹ́ yí ẹsẹ̀, kọ́kọ́ kó ìwúwo kúrò lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkurú báyìí, wọn ò sọ ọ́ fún mi lọ́hùn-ún rárá, wọ́n sì gba owó mi.

Fọ́ọ̀mù tí a ń kọ́ ni wọ́n ń pè ní 24, torí ìṣe mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ẹ̀. Ọdún 1956 ni àjọ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ṣètò ẹ̀ látinú ọ̀nà tí ìdílé Yang ń gbà ṣe tai chi, torí tiwọn gùn jù fún ẹni tí ò ráyè, kó bàa lè rọ ará ìlú lọ́rùn. Yang Luchan tó bẹ̀rẹ̀ ti ìdílé yẹn fúnra ẹ̀, abúlé Chen ní Henan ló ti lọ kọ́ ọ. Bíi ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà lèèyàn fi ń ṣe 24 yìí tán, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó fi ìṣẹ́jú méjì ṣe é ẹ bi í pé ta ló ń lé e.

Ìkejì nínú ẹ̀ ni yíya gọ̀gọ̀ ẹṣin. Àwa ọmọ Ìlọrin, ẹṣin ò ṣàjèjì sí wa, ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi á ti débẹ̀ tán á máa dúró de ẹsẹ̀, bí èrò tó ti dé Ọ̀fà Gárèèjì tí ọkọ̀ ò tíì jáde. Kóòṣì ní ọwọ́ ò ní iṣẹ́ tara ẹ̀, ìbàdí ló ń gbé e, ó sì gbọ́dọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú orúnkún. Ó tún fi ìka kan kan èjìká mi, ó ní, "Ẹ gbé e kúrò létí." Èmi ò mọ̀ pé ó wà létí! Sọ èjìká kalẹ̀, jẹ́ kí ìgúnpá rọ̀, kí orí nàró bí ẹni tí wọ́n fi òwú so mọ́ àjà.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti wá já síra wọn fún mi ni èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ òfì sọ lórúkọ, ọmọbìnrin tó ń hunṣọ. Ahunṣọ ni bàbá mi. Mo dúró láàárín kíláàsì, mo rántí bí wọ́n ṣe ń jókòó sídìí òfì: wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ igi nísàlẹ̀, òwú á là sókè sódò, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ju ọkọ̀ gba àárín ẹ̀ kọjá. Ọwọ́ tó bá ṣíwájú ẹsẹ̀, òwú á já. Wọn ò lo agbára kankan, odindi ọjọ́ ni wọ́n á fi ṣe é. Mo sọ fún kóòṣì, ó ní kí n tún un sọ sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́, inú mi dùn bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn.

Àwọn kan ń bi mí pé ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn ni. Mi ò rí àdúrà kankan níbẹ̀ o, ara la ń fi ṣiṣẹ́, kódà ìfarabalẹ̀ tí mo kọ́ níbẹ̀ ti ràn mí lọ́wọ́ nínú rúkúù, mi ò kì í já lulẹ̀ mọ́.

Ẹjọ́ wá kù. Táìlì ilẹ̀ yẹn ń yọ̀ bíi ẹja àrọ̀, tẹ́ ẹ bá wọ ìbọ̀sẹ̀ lásán ẹ ti bá ara yín nílẹ̀. Aago méje tí wọ́n pè, aago méje ààbọ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé gangan. Kóòṣì ń kọjú sí wa tó bá ń ṣe é, tí òsì ẹ̀ ń di ọ̀tún wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fídíò tó ń fi sí WhatsApp náà rí, mo ti sọ títí pé kó kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n tún ní dandan ni ká ra tíṣẹ́ẹ̀tì, mi ò rà á. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó máa ń sọ pé kò sí àìsàn tí tai chi ò lè wò. Ọmọ mi, rọra. Orúnkún mi sàn, mo ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú, àmọ́ oògùn ìfúnpá mi wà nínú báàgì, mo ń lò ó láràárọ̀.

Èmi tíṣà, 7 nínú 10 ni mo fún wọn, gbogbo méje yẹn kóòṣì ló ni ín. Sátidé tó kọjá ó tún gbé píọ̀ wọ́tà yẹn wá síwájú mi. Mo gbé gìgísẹ̀ lé e, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo gbé e padà. Nígbà tá a ṣe tán, mo ṣan án, mo já a, mo mu ún.